Òṣíbàtà tí mo kó àwọn ìbejì lọ wò ní Àbújá, gbogbo ẹ̀ ló panu mọ́! Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn lọ?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín àmọ́ ó ń dùn mí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló gbé fọ́tò kan sí status WhatsApp ẹ̀, òṣíbàtà funfun báláú lórí omi, àárín ẹ̀ wá dà bíi pupa ẹyin. Mo bi í níbo ló ti yà á, ó ní nínú ìlú níbí náà ni, pé ọgbà kan wà tí wọ́n gbìn ín sí adágún wọn fún àwọn èèyàn láti máa wò. Èmi ò mọ̀ pé Àbújá ní irú ẹ̀ o, odò ẹ̀yìnkùlé ìyá màmá mi nílé lọ́hùn-ún ni mo mọ òṣíbàtà mọ́. Ni mo bá ṣèlérí fáwọn ìbejì pé tá a bá ti ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tán ní Sọ́ńdè, ibẹ̀ yá.

Láti Kubwa débẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kò le, títì ṣófo, àmọ́ ìdúpẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, aago kan ààbọ̀ ti lù ká tó dé géètì. A sanwó àgbà méjì, a sanwó ọmọ méjì. Ọkọ mi gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ọ̀gbẹ́ni sẹ́kíúrítì ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, pé fóònù nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. A san án. Ìgbà tá a wá dé etí adágún, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo òdòdó funfun yẹn ló ti di pọ̀! Mo kà wọ́n, mọ́kànlá, wọ́n nà ró sókè omi bí ìkúùkù ọmọ tuntun, ẹ̀yìn wọn wá ṣe bí ewé tó fẹ́ rà. Kẹ́hìndé bi mí pé "Mọ́mì, ṣé wọ́n ń sùn ni?" Táíwò ní rárá, wọ́n ti kú. Bàbá wọn ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo kámẹ́rà ẹ̀.

Èyí tó wá rú mi lójú ni pé lápá kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá onípákó, àwọn kékeré kan wà tí àwọ̀ wọn dà bí ojú ọ̀run, àwọn yẹn là kalẹ̀ dáadáa, oyin ń wọlé ó ń jáde níbẹ̀. Omi kan náà o!

Ṣé àìsàn ló ń ṣe àwọn funfun ni? Àbí fọ́tò ayédèrú ni ẹni yẹn gbé síta? Ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn lọ? Àti pé mo rí àwọn tó ń pè é ní lotus, ṣé nǹkan kan náà ni?

Olódòdó_Lugbe

Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé ló gbà á. Wọ́n ń sùn ni.

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti ń ta òdòdó àti igi gbígbìn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Èyí funfun yẹn, òṣíbàtà tiwa-n-tiwa ni, Nymphaea lotus ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Òdòdó òru ni. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ló ń là, á wà ní ṣíṣí mọ́jú, tó bá wá di bí aago mẹ́sàn-án mẹ́wàá àárọ̀ tí oòrùn ti ń ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara ẹ̀ jọ. Aago kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ débẹ̀ yẹn, oorun ti wọ̀ ọ́ lára pátápátá. Ọjọ́ tójú ọjọ́ bá ṣú dùdù nìkan ló máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padé. Òdòdó kan á là, á padé, á tún là, bíi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn yẹn ọ̀pá ẹ̀ á fà á wọ abẹ́ omi lọ, ibẹ̀ ni èso ẹ̀ ti ń gbó. Torí náà nínú mọ́kànlá tẹ́ ẹ kà yẹn, òmíì lè ti parí tiẹ̀ pátápátá, òmíì sì lè má tíì là rí láyé ẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, ọ̀sán ni tiwọn. Wọ́n ń là láàárọ̀, tó bá ti ń di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padé. Ẹ wo ewé wọn tẹ́ ẹ bá padà lọ. Ti funfun, etí ewé ẹ̀ ṣe ṣákiṣàki bí eyín ayùn. Nínú àwọn aláwọ̀ ojú ọ̀run, irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Nymphaea micrantha, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí náà ló ti wá, ọmọ ló ń yọ lórí ewé ẹ̀! Ojú ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ewé gan-an lọmọ yẹn ti ń yọ, ewé kékeré tòun ti gbòǹgbò ẹ̀, tí ewé ìyá bá rà tán ọmọ á máa dá bá tiẹ̀ lọ. Òun ni mò ń tà jù torí ewé kan ṣoṣo lè di mẹ́wàá kọ́dún ó tó yípo, ẹ má sọ fáwọn kọ́sítọ́mà mi o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá méjèèjì ní ṣíṣí, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Funfun ò tíì sùn, èkejì ń jí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n ń ṣí géètì, torí ọgbà míì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí òdòdó ti lọ sùn ni ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ń jí.

Ti lotus, orúkọ ló da gbogbo ẹ̀ rú. Lotus gidi, Nelumbo, ọ̀tọ̀ ni. Ewé tiẹ̀ máa ń dìde dúró kúrò lójú omi, ó ṣe roboto bí àwo, kò sí ibi tó ya. Ewé òṣíbàtà lẹ̀ mọ́ omi ni, ibì kan sì ya lára ẹ̀ wọ inú títí dé ìdí ọ̀pá. Ibi tó ya yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, kò lè tàn yín.

Jẹ́jẹ́LayéGbà

Ẹ lọ gbowó yín padà jàre 😂😂 òdòdó wo ló ń sun ọ̀sán bíi sẹ́kíúrítì àdúgbò wa.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná, ṣé kì í ṣe ewéko burúkú tó dí ojú omi l'Ékòó nìyẹn? Bọ̀dá mi tó ń pẹja lápá Ìkòròdú, ojoojúmọ́ ló ń ṣépè fún un, ó ní ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n ń gbowó kéèyàn tó wò ní Àbújá, á jẹ́ pé bọ̀dá mi ti di olówó nìyẹn o.

Olódòdó_Lugbe

@Jẹ́jẹ́LayéGbà rárá o. Èyí tí bọ̀dá yín ń bá jà, water hyacinth ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, nǹkan bí ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lómi Badagry lọ́dọ̀ tiwa. Kò fìdí múlẹ̀ síbì kankan, ṣe ló ń léfòó kiri, ẹsẹ̀ ewé ẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Òṣíbàtà nílé. Iṣu ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ọ̀pá ló fi ń na ewé sókè, bí omi bá ṣe jìn sí lọ̀pá ẹ̀ ṣe máa gùn sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbẹ adágún, ewé á kú, iṣu yẹn á sùn sínú ẹrẹ̀, òjò tó bá dé ó tún hù. Ẹ má wulẹ̀ lọ wo adágún tí ò lómi ẹ̀rọ lásìkò ọyẹ́ o, ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ máa yà ní fọ́tò. Láti bí oṣù kẹjọ lọ sí ìkọkànlá ló ń dùn ún wò jù lápá ibí.

ỌmọRélùwéè_Nguru

Ẹ jẹ́ kémi náà dá sí i torí ọ̀rọ̀ yìí gbé mi lọ jìnnà. Rélùwéè ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣáà mọ̀ pé Nguru ni ọ̀nà irin tó gba Kánò lọ ti parí, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ Yorùbá tó já gaara. Bado la mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ń sanwó wò ó, àwa ń jẹ ẹ́! Àwọn apẹja á fi ẹsẹ̀ wá iṣu ẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àwọn ìyá á sè é, ó jọ ọ̀dùnkún àmọ́ kò dùn tó o, ebi ló ń jẹ́ kó dùn. Èso ẹ̀ náà ò lọ lásán, tẹ́ ẹ bá là á ẹ máa bá hóró wẹ́wẹ́ bí èyí tí ò tó orí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀, ọgọ́ọ̀rọ̀, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́.

Eré tiwa ọmọdé, ọ̀pá òdòdó yẹn là ń gé. Ihò wà nínú ẹ̀ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ orí kan bọ omi tẹ́ ẹ fẹnu fẹ́ orí kejì, omi á máa hó kutukutu bí ìgbà téèyàn gbé ẹ̀wà kaná. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lè ṣe é títí tí wọ́n á fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ẹyẹ kan tún wà tí ń gbé lórí ewé yẹn, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, African jacana lòyìnbó ń pè é. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn kọjá ààlà, ó máa ń yà wọ́n sílẹ̀ kí ewé má bàa rì, ó ń rìn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Akọ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́mọ, tí ewu bá dé á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, ẹ máa rí ẹsẹ̀ wọn tó ń re dirodiro. Obìnrin ẹ̀ ti wá ọkọ míì lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ adágún Nguru sára àwọn ilẹ̀ omi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, ohun tí wọ́n ń pè ní Ramsar. Àmọ́ koríko kan tó ń jẹ́ typha ti gba ibẹ̀ kan báyìí, ibi témi mọ̀ ní bado tẹ́lẹ̀, koríko tó ga jù mí lọ ni mo bá níbẹ̀ ìgbà tí mo padà lọ kẹ́yìn. Mo dúró sẹ́bàá ẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

ÌyáÀgbà_Karu

Ọmọ Nguru, o fẹnu fẹ́ omi adágún! Ọlọ́run ló yọ ẹ́. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fetí sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Omi tí ò ṣàn tí ewé bò, ìṣáwùrú fẹ́ràn ibẹ̀, ara ìṣáwùrú sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń gbà jáde. Ẹni tó ní in ló ń tọ̀ sómi, á wọ ìṣáwùrú lára, á pọ̀ sí i níbẹ̀, tó bá jáde ara èèyàn tó bọ omi ló máa lu wọlé, kò tiẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá mu omi yẹn. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù, oògùn ẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó ti dàgbà ni. Nítorí náà wíwò ni kẹ́ ẹ wò ó, kí ìbejì má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ òṣíbàtà yìí mú mi rántí ìyá mi. Ojoojúmọ́ tá a bá fẹ́ kọ ìdánwò ló máa ń gbé ọwọ́ lé wa lórí pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ẹ ó lékè. A ti di onígbàgbọ́ o, kò jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ mo ti di ìyàwó ilé kí n tó mọ̀ pé nǹkan méjì ni wọ́n, mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n fi orúkọ méjì pè. Ojúoró ni èyí tó léfòó, tí ewé ẹ̀ rí bíi létúùsì, tó láwọn irun wínníwínní lára. Ẹ ò ní rí òdòdó ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Òṣíbàtà ni eléyìí tẹ́ ẹ lọ wò.

ỌmọRélùwéè_Nguru

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fún wa loògùn ẹ̀ ní súkúù nígbà yẹn, ó korò títí dòní 😂

Àǹtí_Gwarinpa

Ìyá Ìbejì, ẹ má banú jẹ́, ohun tó ṣe yín níbí ló ṣe mí ní Lọ́ńdọ̀nù, owó témi san sì ju tiyín lọ fíìfíì. Ìgbà tí mo ń kàwé lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí Kew, ọgbà ìjọba tí wọ́n ń kó ewéko gbogbo ayé sí. Ilé kan wà níbẹ̀ fún òṣíbàtà nìkan, gíláàsì ni gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, 1852 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìta tutù, mo wọ kóòtù, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ooru gbá mi lójú bíi Lọ́kọ́ja lóṣù kẹta, awò ojú mi bò, mi ò rí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo kàn ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń pariwo "wow". Ìgbà tí mo nu awò tán, ewé tí mo rí, ẹ̀yin ará, ewé tó fẹ̀ ju ẹní tí wọ́n fi ń kírun lọ, etí ẹ̀ ká sókè bíi ti tiréè tí wọ́n fi ń kó mọ́ínmọ́ín. Victoria ni wọ́n ń pè é, odò Amazon ló ti wá. Ẹnì kan níbẹ̀ fi ọ̀pá gbé etí ewé kan sókè kí á lè wo abẹ́ ẹ̀, ẹ̀gún ló kún ibẹ̀ bámúbámú, eegun ewé náà sì dìde bí igi òrùlé. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tẹ̀.

Mo wá òdòdó ẹ̀ títí, kóńdó kan báyìí ló yọrí sókè omi, ó di pọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán! Wọ́n ní kí n padà wá lálẹ́, ta ló máa jẹ́ kí n wọlé lálẹ́? Wọ́n wá ṣàlàyé pé alẹ́ àkọ́kọ́ funfun ni, á máa ta sánsán, ara ẹ̀ á sì gbóná, kòkòrò kan bíi yímíyímí á wọ inú ẹ̀, òdòdó á padé mọ́ ọn. Ó di alẹ́ ọjọ́ kejì kó tó tú u sílẹ̀, òdòdó ti di àwọ̀ píńkì, kòkòrò ti ru ìyẹ̀fun òdòdó jáde, ó ń gbé e lọ bá òmíì. Mo ní ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan pẹ̀lú oúnjẹ nìyẹn.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 2022, ọdún tí mo ti padà délé, mo kà á pé irú kan wà nínú wọn tó jẹ́ ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá sọ ní Victoria boliviana, ewé tiẹ̀ lè ju mítà mẹ́ta lọ, òun ló tóbi jù. Ẹ̀ka ẹ̀ tí wọ́n ti sá gbẹ ti wà nínú àpótí wọn ní Kew fún ọdún 177 kí wọ́n tó mọ̀, irú míì ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Àwa la ń sọ pé a ò mọ̀yàtọ̀ ojúoró àti òṣíbàtà.

Jẹ́jẹ́LayéGbà

Mo ti ń fẹ́ràn òṣíbàtà díẹ̀díẹ̀ o. Olódòdó, ṣé n lè gbìn ín sílé ní Nyanya? Mi ò ní adágún, bàsíà ni mo ní.

Olódòdó_Lugbe

Bàsíà ńlá tó, àbí ẹ gé dúrọ́ọ̀mù sí méjì. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi ilẹ̀dú sí i, ilẹ̀dú á léfòó, omi á dúdú á máa rùn. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí kí amọ̀ má bàa tú, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á fún bíi wákàtí mẹ́fà. Kẹ́ ẹ sì ju ẹja wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan sínú ẹ̀ kí wọ́n máa jẹ tanwíjí, torí tẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn lẹ máa máa sìn. Ẹ wá síbi mi.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn. A padà lọ ní Sátidé. Mo pè wọ́n lálẹ́ Fúráìdé, wọ́n ní aago mẹ́jọ làwọn ń ṣí. Aago méje kú díẹ̀ la ti kúrò nílé, Táíwò ṣì ń sunkún oorun nínú mọ́tò. Aago mẹ́jọ lu, aago mẹ́jọ kọjá, ọ̀gbẹ́ni sẹ́kíúrítì ọjọ́sí ló wá ṣílẹ̀kùn ní mẹ́jọ ku... mo fẹ́ sọ pé mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ń fi pákò rin eyín. Mi ò bá a jà, mo kàn ń wo oòrùn.

Ẹ̀yin ará, a bá wọn! Mẹ́sàn-án ló là. Kì í ṣe bíi fọ́tò o, fọ́tò ò ṣe é dáadáa, funfun yẹn ń tàn. Èyí tó sún mọ́ afárá jù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo wo inú ẹ̀, omi díẹ̀ ló wà láàárín gan-an bí ìgbà téèyàn bu oyin sínú ìdérí ìgò, kòkòrò tín-ín-tín kan ti kú sínú ẹ̀. Olódòdó, kí nìyẹn? Ewé wọn ṣe ṣákiṣàki lóòótọ́. Kẹ́hìndé fẹ́ fọwọ́ kan omi, mo gbá a lọ́wọ́, mo ní ìyá àgbà kan ní Karu ti kìlọ̀ fún wa.

Láti bí mẹ́sàn-án kọjá ni wọ́n ti ń padé, ẹ ò ní rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣáà gbójú kúrò tẹ́ ẹ tún wò ó á ti yàtọ̀. Àwọn aláwọ̀ ojú ọ̀run ti ń là ní tiwọn. Táíwò tó ní wọ́n ti kú lọ́jọ́sí, òun ló ń sọ fún wa báyìí pé ká má pariwo.

Olódòdó_Lugbe

Omi yẹn, ọjọ́ àkọ́kọ́ òdòdó ló máa ń wà níbẹ̀. Kòkòrò tó bá ti ọ̀dọ̀ òdòdó míì bọ̀ á já sínú ẹ̀, omi á fọ ìyẹ̀fun kúrò lára ẹ̀, òmíì á jáde, òmíì á kú síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì omi ò sí mọ́.

Àǹtí_Gwarinpa

Fọ́tò dà? A ti ń dúró láti àárọ̀.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí. A tún sanwó kámẹ́rà ní géètì, ọkọ mi gbé e sókè, bátìrì ti kú. Fóònù ni mo fi ya méjì, ìka Kẹ́hìndé wà nínú ọ̀kan. Mo ń bọ̀ wá gbé èkejì sí ìsàlẹ̀ yìí tí NEPA bá mú iná dé.